Díìsì Tí Wọ́n Ń Gbé Lọ sí Ọ̀tan

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n, nínú takisí tó ń lọ sí Ọ̀tan láti Ìlá, obìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé díìsì kọ̀ǹpútà tí ètò tó ń ṣírò èsì ìdánwò wà nínú ẹ̀ lọ fún ilé ìwé kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ àyẹ̀wò inú ẹ̀ kúrò."

"Rárá o! Inú fáìlì kan náà ni mo di àyẹ̀wò yẹn àti ìṣirò máàkì sí. Tí wọ́n bá ṣí i, á kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀ wò, kó tó fọwọ́ kan máàkì ọmọ ọlọ́mọ."

"Tí àyẹ̀wò yẹn bá kùnà lójú ọ̀gá ilé ìwé wọn ńkọ́?"

"Kó kùnà! Kí ló dé tó ò lè jókòó jẹ́ẹ́?"

"Ó kùnà láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé iná tó ń ṣe ségesège ló fà á ni."

"Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró."