Ohun Tí Mo Dà Sínú Ike Àádọ́ta

Ẹ gbé pátákó ẹ̀yẹ yẹn sílẹ̀ ná. Alága ẹgbẹ́ wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sí i láti ibi tí mo jókòó sí, ojú mi ṣì ríran dáadáa: "Ọwọ́ tí kì í tan oníbàárà jẹ." Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti lo ọdún mọ́kànlá lójú ọ̀nà, òní ni òtítọ́ bá a, nínú gbọ̀ngàn tí ẹ fi aṣọ àti òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí mi. Bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, n óò gbé pátákó yìí kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, n óò sì máa gba abẹ́ irọ́ wọlé láràárọ̀. N kò lè ṣe é mọ́. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ẹni tí ẹ ń yìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi, nítorí ẹni tí kò mọ bí mo ṣe ga tó kò ní í mọ ibi tí mo ti já bọ́. Ta ni kò mọ Ìyá Dídán? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta ìpara. Bí obìnrin bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, kó tó kí mi tán ni mo ti mọ ohun tí awọ rẹ̀ ń fẹ́. N óò ní kó na apá, n óò fi ẹ̀yìn ìka kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, n óò ní, "Ọmọ mi, ọṣẹ tó o fi ń wẹ̀ ti le jù." Á ní, "Háà, Ìyá Dídán, ta ló sọ fún yín?" Awọ rẹ̀ ló sọ fún mi. Èmi kì í sì í ta ìpara bí mo ṣe rà á. Ẹ̀yin náà mọ àṣà iṣẹ́ wa, apopara ni wá. Ṣíbí méjì nínú èyí, ìdajì ṣíbí nínú tọ̀hún, kán òróró sí i, kí o sì máa rò ó sí apá kan ṣoṣo kó má bàa pín. Ìpara tí n kò bá tíì pò, lójú mi, bí aṣọ tí wọn kò tíì rán ló rí. Bí mo bá kun ìyàwó ẹni, ọkọ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè pé àlejò wo ló dé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo mọṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ mú yín rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ló mú mi ṣìnà.

Ìpara oòrùn, kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Ó wá di ọdún kan tí ẹ̀rùn mú gan-an, tí ilẹ̀ títì ń gbóná gba abẹ́ bàtà wọlé, àwọn oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. "Ìyá Dídán, mo fẹ́ èyí tó ń dènà oòrùn, ṣùgbọ́n kó máa dán o. Aṣọ aláìlápá ni mo fẹ́ wọ̀." Mo kó gbogbo èyí tó wà lórí igbá ìpara jọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo ń fi wọ́n pa ẹ̀yìn ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń dán, nọ́ńbà ara rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe lè dènà oòrùn tó, kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èyí tí wọ́n kọ àádọ́ta sí, ó nípọn bí ọ̀dà ògiri, bí èèyàn dúdú bá fi para, á dà bí ẹni tó yí nínú eérú. Kí ló yẹ kí olóòótọ́ sọ? Ó yẹ kó ní, "Oníbàárà mi, mú àádọ́ta yìí, fi sùúrù pa á wọlé, dídán kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀." Ṣùgbọ́n èmi Ìyá Dídán! Kí n wá sọ pé nǹkan kan wà tí n kò lè mú dán? Ẹnu mi kò gbà á. Mo bu ìdajì ìpara àádọ́ta, mo bu ìdajì òróró tó ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ wúrà nínú, mo rò wọ́n pọ̀, mo fi àrọ dà á padà sínú ike àádọ́ta. Ó dán! Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n má purọ́ lé irọ́, títí dòní n kò tíì rí ìpara tó dán tó bẹ́ẹ̀.

Apoògùn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá mi lẹ́nu rírò. Ó ní, "Ìyá Dídán, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti wọn agbára ìpara yìí kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sí i. Bí ẹ bá ti la òróró mọ́ ọn, nọ́ńbà yẹn ti di irọ́. Ẹ ò mọ iye tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Apoògùn, ìwọ máa ka oògùn rẹ, jẹ́ kí n máa po ìpara mi. Ta ló ti wá fẹjọ́ mi sùn?" Lóòótọ́, kò sí ẹnì kankan. Ohun tó tàn mí jẹ gan-an nìyẹn. Awọ dúdú àwọn oníbàárà mi ní agbára díẹ̀ tirẹ̀ sí oòrùn, òun ló ń bo àṣírí mi, èmi sì ń pè é ní ọwọ́ idán. Ọmọṣẹ́ mi nígbà náà, èyí tí a ń pè ní Èyí-ò-jù-mí-lọ, tiẹ̀ bi mí pé, "Ìyá, ṣé ká yáa bó ìwé tó ní nọ́ńbà kúrò lára ike?" Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ kí wọ́n rà? Nọ́ńbà yẹn ló ń tà á." Ẹ gbọ́ mi bí? Mo mọ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan.

Àbúrò mi, ìwọ tó o jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ wàyí. Ọmọ kan ṣoṣo tó o bí, àfín ni. Ẹja ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó níbi tó jókòó sí, ṣé ẹ rí bó ṣe gúnwà? Ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn! Nígbà tó pé ọdún méjìlélógún, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́ níbi adágún kan tí kò ní òrùlé. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ bó ṣe ń fi ìpara oòrùn para: gígùn ìka méjì fún apá kan, kó sì tún un pa bó bá ti jáde nínú omi. Kì í gbàgbé. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ fẹ́ bá àwọn ẹlòmíràn díje, wọ́n sì fẹ́ ya àwòrán òun àtàwọn ọmọ náà. Ó wá bá mi. Ó ní, "Màmá Dídán, ẹ bá mi yan èyí tó ń dán. Àwọn ọmọ ní mo máa ń dà bí ẹni tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ara mi o, mi ò lè fi oòrùn ṣeré." Ó sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi. Ike àádọ́ta tí a kò tíì ṣí wà lórí igbá níwájú mi, ọwọ́ mi ré e kọjá, ó lọ mú èyí tí mo pò. Ọmọ àbúrò Ìyá Dídán, kó yọjú sí àwòrán láìdán? Ìgbéraga lásán ni. Ó tún bi mí pé, "Ṣé ó lágbára, Màmá?" Mo ní, "Ka ara ike. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ọjọ́ kejì ni oòrùn jó o. Èjìká, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ọrùn, òkè ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó lé róró, omi kún inú wọn. Àyà ló fi ń sùn. Kò lè gbé apá sókè dé etí. Mo lọ kí i, mo rí i. Àbúrò mi ń sunkún, ó na ike náà sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa wo ìpara yìí bóyá ó ti bàjẹ́." Mo gbà á, mo fi sínú báàgì mi.

Ibi tó burú jù ló kàn yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dìde, kó dúró díẹ̀. Ọ̀gá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí Ẹja, ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú awọ ara rẹ̀, báwo lòun ṣe fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sí i lọ́wọ́? Ẹja ní, "Mo fi para, sà. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde nínú omi ni mo fi para." Wọ́n ní kí èmi tí mo tà á wá, kí n sì mú ike náà dání. Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo ṣí ìpara àádọ́ta tuntun, èyí tí ọwọ́ mi kò tíì kàn, mo dà á sí i, mo rí i pé ó dé ibi tí ti tẹ́lẹ̀ dé gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi náà nìyẹn, mo ṣe é mọ́ tónítóní.

Ọ́fíìsì kékeré kan ni, fèrè kan rọ̀ sára ìṣó lára ògiri. Ọ̀gá náà tẹ ìpara sí àtẹ́lẹwọ́. Ó nípọn, ó funfun. Ó pa á títí, ó ní, "Ìpara yìí dára o." Èmi, àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, mo la ẹnu mi, mo ní, "Ọ̀gá, ìpara mi kì í jáni kulẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí ni, wọ́n á rà á, wọn ò ní í fi para." Ẹja wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Ó sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀. Mo rí i pé ó mọ̀. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé a kì í pe àgbà ní òpùrọ́. Ìwọ àbúrò mi, tó o tẹ̀ lé ọmọ rẹ wá síbẹ̀, lo wá sọ̀rọ̀. O kọjú sí Ẹja, o ní, "Ojú tì mí nítorí rẹ." O ṣíwájú jáde, o ò dúró dè é. Wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ tó kọ́ lọ díje láìsí i níbẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà tí mo wà lọ́jà ni mo wọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, n kò po ìpara oòrùn mọ́. Bó ṣe wà nínú ike ni mo ń tà á, mo sì ń sọ òótọ́ nọ́ńbà rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Èyí-ò-jù-mí-lọ kúrò lọ́dọ̀ mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, "Ìyá, mo rí yín nígbà tí ẹ ń fọ ike." Kò sọ fún ẹnì kankan, ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ó sorí kodò. Gbé orí sókè, ọmọ mi, ẹ̀bi rẹ kọ́. Òótọ́ tí ẹ̀ ń yìn mí fún láti àárọ̀, ẹ̀yìn Ẹja tó jóná ni mo ti kọ́ ọ. Ẹja náà kò jókòó ṣọ̀fọ̀ o. Ó rí iṣẹ́ sí ibòmíràn tó ní òrùlé, àwọn ọmọ tó kọ́ sì ń gba ipò kìíní débi pé ó ti sú àwọn tó ń bá wọn díje. Lọ́dún tó kọjá, dókítà gé nǹkan kékeré kan tí wọ́n ní ó lè di jẹjẹrẹ kúrò ní èjìká rẹ̀. Ó ní, "Màmá Dídán, ẹ má dààmú, wọ́n ní a tètè rí i." Òun ló ń tù mí nínú!

Mo fẹ́ gbé e kú ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí a ti ń gbèrò ayẹyẹ òní, àbúrò mi ní, "Ẹja, ìta la ti máa ya àwòrán o, má gbàgbé ìpara, a kúkú mọ̀ ẹ́." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹja náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé n óò sọ ọ́ lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìpara oòrùn tó ń dán tó sì lágbára ti wà lóde báyìí, àwọn tó ṣe é ló mú un dán. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ sọ fún oníbàárà kó fi para dáadáa, kó sì tún un pa. Bó bá fẹ́ dídán jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní ẹ ò ní in. Kò ṣòro lẹ́nu, "Mi ò ní in." Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n tètè mọ̀ ọ́n sọ.

Alága, ẹ bá mi gbé pátákó yẹn padà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ òmíràn, ẹ kọ ọ́ pé "Ó mọ ìpara pò". Ìyẹn, tọwọ́-tẹsẹ̀ ni n óò fi gbà á.

Ẹja, ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ, orúnkún àgbà rèé nílẹ̀. Má dìde, má wá gbé mi, má sì dá mi lóhùn lónìí. Ìwọ àbúrò mi, mo rí bí ojú rẹ ṣe pọ́n, ìwọ náà, má tíì bá mi jà. Yíjú sí ọmọ rẹ. Ó fi ìpara náà para lọ́jọ́ náà. Ó fi para dáadáa bó o ṣe kọ́ ọ, gígùn ìka méjì fún apá kan, ní gbogbo ìgbà tó jáde nínú omi. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí pé kí o gbà á gbọ́. Òun ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Èmi lè dúró.