Ọjọ́ Tí Òkun Ń Sinmi Ni Fọlá Yàn

[Ariwo ń ta lórí fóònù. Ẹnìkan ń húkọ́.]

ÈMI: Hẹ̀lóò! Ta nìyẹn?

FỌLÁ: Nana, ẹ kú ọ̀sán o. Fọlá ni. Ẹ kú ilé, ṣé ara le, ṣé àwọn ará àdúgbò Krofrom —

ÈMI: Adéfọlá ọmọ ọmọ mi? Gladys tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì níbí ló sáré wá pè mí. Iṣu mi wà lórí iná. Ta ló kú?

FỌLÁ: Kò sẹ́ni tó kú, Nana. Mo kàn fẹ́ béèrè nǹkan ni. Ẹ mọ etí òkun dáadáa, torí ẹja tẹ́ ẹ tà. Láàrin Winneba àti Busua, ìgbì ibo ló dára?

ÈMI: Ó dára fún kí ni?

FỌLÁ: Surfing. Mo sọ ọ́ fún yín nígbà Kérésì. Àwọn òyìnbó ibiṣẹ́ wa wà lórí holiday. Wọ́n máa ń dúró lórí pátákó, ìgbì á máa gbé wọn bọ̀ wá sí èbúté. Èmi ni wọ́n ní kí n yan ibi tá a máa lọ.

ÈMI: Ìwọ! Tó jẹ́ pé omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan lo mọ̀! Àwọn yẹn náà, wọ́n sanwó ọkọ̀ òfurufú kí ìgbì lè wá gbá wọn létí. Òyìnbó ò níṣẹ́.

FỌLÁ: Etí òkun Labadi ti kún jù, Nana. Mo bá kó wọn wá sí Anomabo láàárọ̀ yìí, pósófíìsì ibẹ̀ ni mo ti ń pè yín. It was perfect! Òkun mọ́ gaara, kò sí ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo lójú omi —

ÈMI: Dúró. Ọjọ́ wo lòní?

FỌLÁ: Ẹ ní kí ni?

ÈMI: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ọjọ́ wo lòní?

FỌLÁ: Túsìdé.

ÈMI: Benada! [Ó pàtẹ́wọ́.] Àwọn apẹja ńkọ́?

FỌLÁ: Wọ́n jókòó sórí yanrìn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

ÈMI: O rí ọkọ̀ rẹpẹtẹ lórí yanrìn, o rí alágbára ọkùnrin tó jókòó bí opó, o ò bi ara rẹ pé kí ló dá wọn dúró? Àbí o rò pé ìwọ ni wọ́n ń yẹ̀nà fún? Òní ni òkun ń sinmi! Apẹja kan kì í tẹ omi lọ́jọ́ Benada. Ọmọ Fante etí òkun tí kò tíì hu eyín mọ̀ ọ́n.

FỌLÁ: A ò mọ̀ ọ́n ní Kumasi.

ÈMI: Ẹ ò béèrè ni.

[Ariwo ọ̀pọ̀ èèyàn.]

ÈMI: Ariwo kí nìyẹn? Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁ: Àwọn apẹja — wọ́n ti gba àwọn pátákó náà.

ÈMI: Ẹ̀n-ẹ́n! Ìdí rèé tó o fi ń wá ibòmíràn bíi Busua.

FỌLÁ: Nana, àgùntàn kan àti ọtí ni wọ́n ní ká mú wá, káwọn fi bẹ òkun. Òyìnbó ti ti ara wọn mọ́nú mọ́tò. Wọ́n ní èmi ni mo yan ibẹ̀.

ÈMI: Wọn ò sì parọ́.

FỌLÁ: Àwọn òyìnbó ní àwọn ò ní mú nǹkan kan wá. They've sent the driver to call police.

ÈMI: Ọlọ́pàá? Adéfọlá, pẹ́míìtì rẹ, ìwé ìgbélùú rẹ, dà?

[Ariwo èèyàn ń pọ̀ sí i.]

ÈMI: Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁ: Ó wà lọ́dọ̀ yín.

ÈMI: Orí mi o! Ọdún kẹrin rèé tí ìjọba lé àwa àjèjì tí ò níwèé. Tafo, ní Kumasi níbí, ni mo bí bàbá rẹ sí, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un láti kó jáde, torí ìwé yìí náà ni! Pápá Race Course ni mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú lọ́rì tó kó wọn lọ. Ìwọ wá ń rìn káàkiri etí òkun láìníwèé? Òmùgọ̀! Ta ló ní kó o fi sílẹ̀?

FỌLÁ: Ẹ̀yin ni, Nana. Ẹ ní kí n gbé e fún yín, kó má baà sọ nù.

[Nana ń tú àpò.]

FỌLÁ: Nana? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÈMI: Mo gbọ́. Ó wà nínú àpò tí mo so mọ́dìí. Mi ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n mo mọ fọ́tò rẹ.

FỌLÁ: Nana, mepa mo kyɛw —

ÈMI: Má bẹ̀ mí. Òkun ni kó o lọ bẹ̀. Bọ́ bàtà. Lọ bá apofohene, olórí àwọn apẹja. Dọ̀bálẹ̀. Má sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Sọ pé ọmọ ọmọ Felicia Alatani ni ọ́, obìnrin Yorùbá tó fi ogún ọdún ra ẹja lọ́wọ́ wọn, tí kò fẹsẹ̀ kan omi ní Benada rí. Sọ pé mò ń mú àgùntàn bọ̀.

FỌLÁ: Ẹ̀yin? Pẹ̀lú orúnkún yín?

ÈMI: Orúnkún mi mọ Anomabo. Tìrẹ ni kò mọ ibi tó ń lọ.

FỌLÁ: Nana — dírẹ́bà ti dé. Àwọn méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wọ khaki —

ÈMI: Gba ẹ̀yìn pósófíìsì jáde! Jókòó ti apofohene, má dìde títí màá fi dé. Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁ: Mo gb—

ÈMI: Adéfọlá! Bàtà mi ti wà lẹ́sẹ̀. Ìwé rẹ ń bọ̀. Èmi ni mo ṣe é, ṣé o gbọ́ mi? Èmi ni mo —

[Fóònù já.]