Aboyún àti Ìdí

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa kúrò ní Ọ̀fà, Alhaja kan ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ wí.

"Ọmọ yín fẹ́ kọ 'baba', ó kọ 'dada'. Mú un kúrò ní sùkúù, kó lọ kọ́ aṣọ rírán."

"Mọ́mì, kò ní kúrò láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà ló ń dà rú mọ́ ọn lójú. Tíṣà ẹ̀ ti kọ́ ọ pé b ni aboyún, ikùn ẹ̀ wà níwájú. Pé d ni ìdí, ẹ̀yìn ló wà. Ó ti ń kọ 'baba' báyìí."

Alhaja fi ìka kọ méjèèjì sórí itan rẹ̀.

"Kó máa lọ, jàre. Ṣùgbọ́n kí tíṣà yẹn má rí ìdí tèmi, yóò sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá."