Pálọ̀ Tó Ba Ọmọ Jẹ́

Ti ilẹ̀kùn ilé rẹ yẹn, kí o jókòó. Mo búra fún ọ, àròyé mi kò ní gùn. Èmi tí mo ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí ni mò ń bá èrò sọ ju "Àlọ ni, àbí àlọ àtàbọ̀?" lọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: àbúrò mi, kí ni mo fi ṣe ọ́, tí o fi kó àwọn onífíìmù wá sínú pálọ̀ mi?

Má dá mi lóhùn! Mo mọ̀, dírẹ́bà wọn ni ọ́, ọ̀gá rẹ ló ní kí o bá òun wá ilé. Ilé wo? Ilé tó lè ba ọmọ jẹ́! Ìwọ náà ronú, o ronú, o ronú kan ẹ̀gbọ́n rẹ. O ṣeun o. Ọlọ́run á rántí ìwọ náà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá rẹ wọlé, ó gbé awò ojú ka àtàrí bí ẹni pé ibẹ̀ ló fi ń ríran, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Irú ibi tí à ń wá kiri gan-an rèé." Háà, inú ìyàwó mi dùn! Obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun gbogbo aṣọ orí àga, tó rán kọ́tìnnì, tó to ife dígí sínú kọ́bọ́ọ̀dù débi pé èmi tí mo ra ife kò tíì fi ọ̀kan mu omi rí. Ó po tíì fún gbogbo wọn. Àní ó po tíì fún ìwọ, ọ̀dàlẹ̀!

Ọjọ́ tí fíìmù jáde, ìyàwó mi kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání lọ sí gbọ̀ngàn sinimá, pé kí wọ́n wá wo pálọ̀ òun. Pálọ̀ yọ lóòótọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Ọmọkùnrin ìpátá inú fíìmù náà jókòó sórí àga mi, ó wo kọ́tìnnì, ó wo ife, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Bí mo bá pẹ́ nínú yàrá yìí, màá kú." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Òótọ́ ni, ta ló lè gbébẹ̀?" Ó kù díẹ̀ kí n yíjú padà kí n kí i pé èmi nìyí.

Ṣíọ̀! Ó rí mi lára. Ọmọ inú fíìmù yẹn jí alùpùpù, ó na olùkọ́, ó gbá bàbá rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, kọ́tìnnì ìyàwó mi ni wọ́n dá lẹ́bi!

Kí lo wí? Eré ni? Lọ sọ ọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti tú kọ́tìnnì, ó ká aṣọ orí àga sínú àpò, ó ní kí n dà á nù. Bí àlejò bá dé, ilé ìdáná ló ń mú wọn gbà, bí ẹni tó gbé òkú pamọ́ sí pálọ̀. Lánàá ó bi mí, jẹ́jẹ́, pé, "Bàbá wọn, ṣé nítorí pálọ̀ yìí ni àwọn ọmọ wa kì í fi í wálé mọ́?" Èmi tí mo máa ń rí ẹ̀fẹ̀ ṣe nílé ọ̀fọ̀, n kò rí ẹyọ kan ṣe.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ, ìyàwó rẹ àti gbogbo ọmọ yín, ẹ ó wá. Bó bá ní ilé ìdáná, ẹ kọ̀. Kí ìyàwó rẹ béèrè aṣọ orí àga, kó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Kí àwọn ọmọ rẹ fi ife dígí mumi, bó bá fọ́, kó fọ́. Kí ìwọ jókòó sórí àga mi, kí o jókòó pẹ́, kí oorun gbé ọ lọ níbẹ̀.

Kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Kò gbọdọ̀ gbọ́ pé èmi ni mo rán ọ. Bó bá bi ọ́, sọ fún un pé àárò pálọ̀ yẹn ló ń sọ ọ́.