Ẹ Jẹ́ Kí Ládòkun Káwọ́ Lérí

Rárá o, Bàbá Ràsáàkì, mi ò ní dìde! Bí mo ṣe kúnlẹ̀ yìí náà ni n ó ṣe sọ ọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, mi ò gbọdọ̀ gbójú sókè sí yín, ṣùgbọ́n bí n ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí yóò pa mí!

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lé Ládòkun ọkọ mi kúrò níwájú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn? Ẹ fi Ọlọ́run dá mi lóhùn! Láti Ìsẹ́yìn níbí la ti fi mọ́tò gbé e dé Ìbàdàn, tó ń mí gúlegúle lójú ọ̀nà, tí mo fi èjìká ṣe ìrọ̀rí fún un. Wọ́n ya fọ́tò inú àyà rẹ̀ láti iwájú, ẹ ò wí nǹkan kan. Ẹni tó ń yà á ní kó yí ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀rọ, kó káwọ́ lérí, kí apá má baà bo àyà. Àfi bẹ́ ẹ ṣe ti ẹnu ọ̀nà figbe ta: "Ta ló kú? Ta ló kú tí àbúrò mi yóò fi káwọ́ lérí?" Lẹ bá fà á lọ́wọ́ jáde! Hà!

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń káwọ́ lérí, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wá mọ ìyẹn bí?

Ẹ ní fọ́tò kan tó. Kò tó! Ẹ̀yin ti fìbínú lọ sí gáréèjì nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé. Ó ní apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ lòun ń fura sí, pé ó jọ pé ìyẹn ló ń mú ẹsẹ̀ wú, tó ń mú ikùn ga. Ó ní ẹ̀yìn egungun àyà gan-an ló fara pamọ́ sí, ẹni tó bá ti iwájú wò ó kò lè mọ bó ṣe tóbi tó, àfi kí wọ́n wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ahunṣọ ṣáà ni ẹ̀yin náà! Bí wọ́n bá to aṣọ léra, tẹ́ ẹ ti òkè wò ó, ṣé ẹ lè mọ bó ṣe ga tó? Ṣé ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni?

Ṣé ẹ ti rí ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ yìí? Mo tẹ ìka mọ́ ọn, ojú ìka ò padà. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ òfì, Bàbá Ràsáàkì! Òwú wà lórí òfì bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ló ń já a jẹ. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, orí ìjókòó ló ń sùn.

Ẹ ní kó pinnu fúnra rẹ̀? Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ó ní, "Àwáwù, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n má ṣe, n ò ní ṣe é." Wàláì, ohun tó sọ nìyẹn! Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́, ó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ẹnu yín.

Ẹ̀yin ń bẹ̀rù kó káwọ́ lérí fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí kanlẹ̀. Èmi wá ńkọ́? Ta ni yóò gbé ọwọ́ tèmi kúrò lórí, bó bá kú?

Ẹ ní kí n ṣe sùúrù? Dókítà ń retí wa lónìí, Yẹ̀kínì awakọ̀ ti lọ gbé mọ́tò wá! Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, n ó gbà á. Ládòkun ń bẹ ní yàrá, ó ń gbọ́ wa. Ẹ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹnu yín tẹ́ ẹ fi kọ̀ fún un, òun náà ni kẹ́ ẹ fi sọ fún un pé kó gbọ́wọ́ sókè. Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Ràsáàkì, kí n gbọ́!