Èjí Ẹnu Qonitah

“Qonitah, má tíì gbé ọmọ yẹn lọ síbì kankan. Jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, kò ṣeé gbé mì mọ́. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ọmọ rẹ ni yóò jìyà rẹ̀.”

Sìdíkátù ló ń sọ̀rọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Ìgàndó. Qonitah, àbúrò rẹ̀, dúró níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ Aasiyah ọmọ rẹ̀ mú. Ọmọ náà ti pààrọ̀ eyín iwájú, èjí sì hàn kedere láàárín wọn. Qonitah fẹ́ kí wọ́n jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

“Àǹtí mi, ẹ kúkú wà níbẹ̀ nígbà tèmi,” ló wí. “Ṣebí dókítà ní èjí ìdílé wa máa ń ba eyín yòókù jẹ́ ni? Ẹ jẹ́ ká tètè dí i, jàre.”

Ibẹ̀ ni Sìdíkátù há sí. Bí ó bá dákẹ́, wọn á dí èjí ọmọ ọlọ́mọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, àṣírí á tú. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Sìdíkátù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ìyá wọn ló ni èjí náà kó tó kú, Qonitah nìkan ló sì jogún rẹ̀ nínú ọmọ mẹ́ta. Bí Tàjùdíìnì, baba wọn, bá ti ọjà Shasha dé, á ní, “Qonitah, rẹ́rìn-ín kí n rí ìyá rẹ.” Sìdíkátù ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ baba, kò sẹ́ni tó ní kí ó rẹ́rìn-ín.

Eyín òkè Qonitah yọ síta. Ti Yahya, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n baba ní ti ọmọbìnrin ni kí wọ́n tún ṣe. “Ta ló ń wo ẹnu ọkùnrin?” Sìdíkátù ló mú àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan ní Ìdímù.

“A ó fi wáyà fa eyín wọlé,” dókítà wí. “Èjí yìí ńkọ́? Ìwé tí a kà ní ká dí i, ṣùgbọ́n ẹwà ni lọ́dọ̀ tiwa. Mo lè fi í sílẹ̀.”

Qonitah yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ bá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ti ìyá wa ni.” Ó sì lọ ya àwòrán eyín ní yàrá kejì.

“Ìgbà tí o jáde ni mo bà á jẹ́,” Sìdíkátù wí fún un nínú ṣọ́ọ̀bù. “Mo ní kí wọ́n dí i, pé o ti yí ọkàn padà, ojú ló ń tì ọ́. Mo wá parọ́ fún ìwọ náà pé dókítà ti rí i nínú àwòrán pé èjí náà á ba eyín yòókù jẹ́. O sunkún títí, èmi yìí ni mo tún ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.”

Ọjọ́ tí wọ́n tú wáyà, baba wo ẹnu Qonitah pẹ́. Ó ní, “Ó dáa,” ó wọ yàrá lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí Qonitah bá kúnlẹ̀ tó pe Sìdíkátù ní ìyá kejì, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n tún ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

“Ó kù kan,” Sìdíkátù wí. “Nígbà àìsàn tó pa Bàbá, wọ́n bi mí pé, ‘Ṣé èjí yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀ ni?’ Mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní, ‘Mo ti rò pé dókítà yẹn ló kàn bà á jẹ́, mo fojú burúkú wò ó. Kí Ọlọ́run forí jì mí.’ Mo ní àmín.”

Qonitah kò sunkún. “Kí ni mo ṣe fún yín?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Mo jowú ni.” Sìdíkátù kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. “Forí jì mí.”

Qonitah kò fà á dìde. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ kọ́kọ́ lọ sí sàréè Bàbá,” ló wí. “Wọ́n tọrọ àforíjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ẹ lọ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá bá èmi náà.”