Orúkọ Ńlá Lórí Ẹ̀dà Ọ̀fẹ́

Ọlá ń bẹ fún ọ̀rọ̀ náà "International", adé tí ẹni méjì tó ń pín kọ̀ǹpútà kan lò nínú yàrá kan l'Éjìgbò lè dé, kí ayé sì máa pè wọ́n ní ilé iṣẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ire-Akari, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá ọkùnrin kan tó jù ú lọ sọ̀rọ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n jọ kọ nígbà èwe wọn fún ilé ìkẹ́rùsí kan n'Ísọlọ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpáílà, irinṣẹ́ tó ń sọ ohun téèyàn kọ di ètò tí kọ̀ǹpútà lè lò.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n wá yọ ọ́ kúrò lọ́la. Wọ́n ti ra tuntun."

"Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Dáadáa! Tí wọ́n bá ṣí i, ó ṣì ń kọ ọ́ síta pé kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ la fi ṣe é, pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà fún."

"Ṣebí mo fi orúkọ ilé iṣẹ́ wa bò ó!"

"Ó ń yọ nísàlẹ̀ bíi yẹ̀rì lábẹ́ ìró."

"Ìwọ náà lo ní ká fi International kún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ bá mi lọ, ẹ̀gbọ́n. Èmi nìkan ò lè yọ ọ́."

"Màá wá. Mo ti ń ra ojúlówó kọ̀ǹpáílà báyìí, àmọ́ mi ò kọ orúkọ mi tóbi tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé. Èmi náà lo ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kọ̀ǹpáílà rí, mo sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ mi bo ìkìlọ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀.